Ìjókòó Tí N Kò Yàn Níbi Àpérò Ìtàn Ìdílé

Ọmọ Sabon Gari ni mí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti kàwé, ibẹ̀ náà sì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà títí di òní, níbi tí mo ti ń ta páàtì kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo Kano ń pè ní adaidaita. Ṣùgbọ́n ẹ má bi mí pé ọmọ ibo ni bàbá mi. Bí ẹ bá bi mí, ẹ yáa wá ìjókòó. N óò kọ́kọ́ ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi sókè bí ẹni pé agbádá ni mo wọ̀, n óò wá sọ fún yín pé ọmọ ọba ni wá, pé ọ̀rọ̀ oyè ló lé bàbá mi kúrò ní ìlú wa lẹ́bàá Ọ̀fà, pé àwọn ìbátan kan ń lépa ẹ̀mí wọn nítorí adé, kí wọ́n tó sáré wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Kano. Mo ti sọ ìtàn yìí ní ìpàdé ọmọ ìlú wa, níbi tí mo ti jẹ́ akọ̀wé. Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà mi ní èdè Hausa, wọn a sì mi orí, wọn a ní "Allah Sarki," ìyẹn Ọlọ́run Ọba, lẹ́yìn náà wọn a ní kí n bá wọn dín owó búréèkì kù.

Ta ló sọ ọ́ fún èmi? Ìbéèrè yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rí. Bàbá mi kọ́, nítorí bàbá mi kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ títí wọ́n fi kú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe dé Kano, wọn a ní, "Ọkọ̀ ojú irin ló gbé mi wá," wọn a rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà wọn. Bí mo bá fẹ́ sọ òótọ́, èmi ni mo to ìtàn náà fúnra mi, díẹ̀ láti ibí, díẹ̀ láti ọ̀hún, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi páàtì tó ṣẹ́kù to odindi kẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo sì tò ó tán, ó ń lọ dáadáa, n kò wá rí ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ tú u wò.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pé àpérò kan ń bọ̀ lórí ìtàn ìdílé, fún àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé òkè Ọya. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Airport Road ni yóò ti wáyé fún ọjọ́ méjì. Ìyàwó mi ti gbọ́ kí n tó gbọ́, nítorí òun ni wọ́n gbé oúnjẹ àpérò náà fún. Ilé oúnjẹ rẹ̀ wà ní àdúgbò wa, kò sì sí ẹni tó mọ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù í sè tó o láàrin ibi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé. Òun ló mú ìwé ètò àpérò náà wálé fún mi.

Ìwé yẹn ló kó bá mi. Ohun tí mo rò ni pé àpérò dà bí ìsìn: gbogbo èèyàn á jókòó sí ojú kan, ẹni tó bá fẹ́ sùn á sùn. N kò mọ̀ pé wọ́n ti pín in sí yàrá mẹ́rin, tí ìjókòó mẹ́rin yóò máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá wọ ọ̀kan ti pàdánù mẹ́ta. Ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ èyí tí ẹ yàn sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Èmi rèé, ẹni tí kì í lè yàn láàrin dòdò àti mọ́ínmọ́ín láìkẹ́dùn èyí tó fi sílẹ̀!

Mo mú bírò pupa. Mo kọ́kọ́ yan ìjókòó tí wọ́n ti fẹ́ kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú fọ́tò àtijọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo rántí pé gbogbo fọ́tò ilé wa ni ìkán ti jẹ, mo pa á rẹ́. Mo yan èyí tó dá lórí bí wọ́n ṣe ń fi itọ́ èèyàn sínú ike kékeré, tí wọ́n á gbé e lọ yẹ̀ wò, tí wọ́n á wá sọ ibi tí baba ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ìyẹn dùn mọ́ mi gan-an. Ṣùgbọ́n ọkàn mi sọ fún mi pé bí itọ́ mi bá lọ sọ nǹkan míì ńkọ́? Ẹni tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọmọ ọba lòun kì í jẹ́ kí itọ́ ẹnu kan náà lọ jẹ́rìí takò ó. Mo pa ìyẹn náà rẹ́.

Ìyàwó mi wò mí títí, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ò ṣe yan èyí?" Ó fi ìka sí ọ̀kan tó wà nísàlẹ̀ ìwé: "Bí A Ṣe Ń Bi Àgbàlagbà Léèrè Ìtàn." Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ìyẹn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná.

Mo fi ojú di í. Mo ní, "Àgbàlagbà wo ni kí n tún lọ bi? Èmi gan-an ti di àgbàlagbà. Àwọn èèyàn ló yẹ kó máa bi mí."

Ó ní, "Ìyá Kékeré ńkọ́?"

Ìyá Kékeré ni àbúrò tí wọ́n bí lé bàbá mi. Wọ́n ti kọjá ọgọ́rin ọdún. Bàbá mi ló ní kí wọ́n wá láti ilé nígbà tí ìyá mi bí mi, kí wọ́n wá bá ìyá mi tọ́jú ọmọ, wọn kò sì padà mọ́. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé títí di ìsinsìnyí, nínú yàrá tó kọjú sí tèmi. Mo ní, "Ìyá Kékeré ti gbàgbé nǹkan. Àná ni wọ́n tún pe mí ní orúkọ ajá." Ìyàwó mi ní bóyá kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé o. Mo ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́.

Ohun tí mo yàn nígbẹ̀yìn ni èyí tó wà lókè pátápátá, tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ: "Ìdílé Ọba: Bí A Ṣe Ń Tọpa Ẹ̀jẹ̀ Aládé." Gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n fi í sí, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Mo fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí bírò fi lu ìwé náà já.

Nígbà tí ọjọ́ pé, kò sí ẹni tí yóò dúró ti Ìyá Kékeré nílé, nítorí náà a mú wọn dání. Ìyàwó mi ti lọ pẹ̀lú àwọn ìkòkò rẹ̀ láti àárọ̀. Èmi àti Ìyá Kékeré wọ adaidaita dé Airport Road, mo fi wọ́n sórí àga ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná lọ́dọ̀ ìyàwó mi, mo ra omi fún wọn, mo ní, "Ẹ jókòó síbí, Mà. Ẹ má lọ síbì kankan. Mò ń lọ gbọ́ ìtàn ìdílé wa."

Wọ́n ní, "Ṣé ó wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Kí ìwọ náà kí i fún wa."

Gbọ̀ngàn ńlá kún. Bàbá kan tó ní irùngbọ̀n funfun ló ń kọ́ni. Lẹ́yìn tó kí wa tán, ó ní kí àwọn tó jẹ́ ọmọ ọba láàrin wa dìde dúró. Mo dìde pẹ̀lú ọlá, mo fa ẹ̀wù mi sísàlẹ̀, mo wò yíká. Ẹ gbà mí o. Gbogbo gbọ̀ngàn ló dìde! Obìnrin kan ṣoṣo ló jókòó, lẹ́yìn tó sì wò yíká, òun náà dìde.

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí gbogbo yín bá jẹ́ ọmọ ọba, ta ni àwọn bàbá yín wá ń jọba lé lórí?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè ìdílé tí a ti wá àti ẹni tó jọba gbẹ̀yìn nínú ìdílé náà. Àwọn kan mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orí Bíbélì. Nígbà tó kàn mí, mo sọ orúkọ ìlú wa. Ó ní, "Ó dáa. Ìdílé wo níbẹ̀?"

Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ń sọ ìtàn yẹn, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìyẹn rí. Mo ní, "Àgbà ilé wa ló mọ̀ ọ́n, sà."

"Níbo ni àgbà ilé yín wà?"

"Wọ́n wà níbí, sà. Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà ní, "Ẹ kúkú lọ pè wọ́n wá fún wa." Ìtìjú mú mi. Mo ní wọ́n ti dàgbà, wọn kì í rántí nǹkan mọ́. Mo jókòó ṣáájú gbogbo èèyàn.

Mo gbìyànjú láti fara balẹ̀ gbọ́ èyí tó kù, ṣùgbọ́n ariwo kò jẹ́. Láti ẹ̀yìn hòtẹ́ẹ̀lì la ti ń gbọ́ ọ. Ẹ̀rín ni. Wọn a dákẹ́ díẹ̀, wọn a tún bú jáde, wọn a pàtẹ́wọ́, ẹnì kan a pariwo "Ha!", wọn a tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá náà ń sọ̀rọ̀ ìdí tí wọ́n fi ń gbé oyè láti agbo ilé kan sí òmíràn, ẹ̀rín náà ń gba inú fèrèsé wọlé. Inú bí mi. Mo na ọwọ́ sókè, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé wọn ò lè lọ sọ fún àwọn ará ẹ̀yìn yẹn kí wọ́n rọra? Àwa ń ṣe nǹkan gidi níbí." Wọ́n rán ẹnì kan lọ. Ariwo náà lọ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún padà wá, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, mo tò láti gba ìrẹsì. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí súnmọ́ mi. Ó ní Yankaba lòun ń gbé, olùkọ́ lòun. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ìyàwó yín tó ń bu oúnjẹ yẹn ló ní kí n kí yín. Ṣé ẹ̀yin lọmọ ìyá tó sọ̀rọ̀ ní yàrá wa?"

Mo ní, "Ìyá wo?"

"Ìyá arúgbó tó jókòó sẹ́bàá ìdáná. Ẹni tó ń kọ́ wa ní òun ń wá àgbàlagbà kan tí òun lè bi ní ìbéèrè kí a fi rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó yọjú síta, ó rí wọn, ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì wọlé. Haa! Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Bàbá yín mà gbayì o! Ẹni tó ń lọ sí Kaduna tó sùn dé Kano!"

Mo ní, "Kaduna kẹ̀?"

Kí n tó gba ìrẹsì mi, àwọn mẹ́ta míì ti dé ọ̀dọ̀ mi, olúkúlùkù wọn sì mú tirẹ̀ wá. Bí mo ṣe gbọ́ ìtàn bàbá mi nìyẹn, lórí ìdúró, lẹ́nu àwọn àjèjì, tí mo di abọ́ mú lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn òbí bàbá mi ló rán wọn sí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn kan tó jẹ́ télọ̀ ní Kaduna, kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní ìyá wọn di àádùn fún wọn, pé kí wọ́n máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, pé wọ́n jẹ gbogbo rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé Jẹ́bà, oorun sì gbé wọn lọ. Nígbà tí wọ́n la ojú, ojú irin ti tán, Kano ni. Ẹlòmíràn ní kì í ṣe àádùn, ẹ̀kuru ni. Ọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín kíkan ní ibi tó dára jù nínú ìtàn náà ni pé ìtìjú ò jẹ́ kí wọ́n lè ránṣẹ́ sílé pé àwọn sùn kọjá. Wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn rí iṣẹ́ tó sàn jù ní Kano. Ó gbá mi léjìká, ó ní, "Ọmọ Asùn-kọjá-Kaduna! Ẹ kú oríire o!"

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Kí ni n bá tún ṣe? Àmọ́ kì í ṣe oorun náà ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ̀rín tí mo ní kí wọ́n lọ pa lẹ́nu mọ́, ìtàn ilé bàbá mi ni.

Mo gbé abọ́ mi lọ bá Ìyá Kékeré níbi tí wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń jẹ ẹran wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn.

"Ìyá Kékeré, ẹ ò sọ fún mi."

"Kí ni mi ò sọ?"

"Pé oorun ló gbé bàbá mi dé Kano."

Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó béèrè bóyá omi máa ń tutù. "Ìwọ ò bi mí rí. Bí o bá jókòó tì mí, ìwọ lo máa ń sọ ìtàn fún mi. O ní ọmọ ọba ni ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní bóyá wọ́n fi bàbá wa jọba lẹ́yìn tí mo kúrò nílé ni."

Ìyàwó mi yí ojú sí ìkòkò. Mo rí èjìká rẹ̀ tó ń mì.

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ Mà, ẹ tún un sọ fún mi."

"Ó ti rẹ̀ mí. Mo ti sọ ọ́ tán. Àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́. Ìwọ ńkọ́, níbo lo wà?"

Ìyàwó mi ló dáhùn láìyíjú padà. Ó ní, "Wọ́n wà lọ́dọ̀ àwọn ọba, Mà."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí a dé ilé, mo pe àbígbẹ̀yìn mi, ọmọbìnrin tó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ó ti gbọ́ ìtàn ọba yẹn lẹ́nu mi títí ó fi sú u. Mo ní mo fẹ́ sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ fún un. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, bí mo ṣe gbọ́ ọ lórí ìlà ìrẹsì, mo fi àádùn àti ẹ̀kuru méjèèjì sí i kí n má bàa ṣì í. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín dáadáa, ó sì bi mí ní èdè Hausa bó ti máa ń ṣe: "To Baba, wa ya tashe shi?"

Ó ní ta ló wá jí wọn.

Kò sí ìkankan nínú àwọn tó sọ ìtàn náà fún mi tó sọ ìyẹn. Mo wo yàrá Ìyá Kékeré. Wọ́n ti pa ilẹ̀kùn dé.

Ní ọjọ́ kejì àpérò, mo ti fi bírò pupa yan ìjókòó kan tẹ́lẹ̀ ní gbọ̀ngàn ńlá, níbi tí wọ́n ti fẹ́ kọ́ wa bí ìdílé ṣe lè ní àmì tirẹ̀, bíi kìnnìún tàbí idà. Ẹ má bi mí ohun tí mo fẹ́ fi kìnnìún ṣe. Mo gba ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà kọjá, mo lọ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn. Wọ́n ti bẹ Ìyá Kékeré kí wọ́n tún wá, àwọn tó gbọ́ tàná sì ti mú àwọn míì dání. Kò sí àga mọ́. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, èéfín ìdáná ìyàwó mi ń fẹ́ sí mi lójú, ooru sì mú mi tó fi jẹ́ pé mo rántí ẹ̀rọ amúlétutù gbọ̀ngàn ńlá pẹ̀lú omijé.

Obìnrin tó ń kọ́ni, ọ̀dọ́ kan tó ní sùúrù, ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè na ọwọ́. Mo na tèmi.

Ìyá Kékeré wò mí, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ wí."

Àwọn tó mọ̀ mí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Mà. Mo fẹ́ mọ ẹni tó jí bàbá mi nínú ọkọ̀."

Wọ́n ní, "Ìbéèrè gidi nìyẹn." Wọ́n wá sọ ọ́. Wọ́n ní ọkùnrin Hausa kan ni, ẹni tó máa ń gbá inú ọkọ̀ ojú irin lẹ́yìn tí èrò bá ti sọ̀kalẹ̀ tán. Òun ló fọwọ́ kàn wọ́n. Bàbá mi kò gbọ́ Hausa, òun náà kò gbọ́ Yorùbá. Ó mú wọn lọ sí ilé rẹ̀ ní Fagge, ó fún wọn ní kókó àti kósáì, ìyẹn ògì àti àkàrà, ó sì fi wọ́n sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n fi tọ́ wa.

Ìyá Kékeré wá na ìka sí mi, wọ́n gbàgbé pé àwọn kò mọ̀ mí. "Ìwọ náà mọ ọkùnrin náà. Ṣebí ilé rẹ̀ ni bàbá rẹ máa ń kó yín lọ ní gbogbo ọdún iléyá."

Mo rántí rẹ̀. Bàbá arúgbó kan ni, tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń jókòó lórí ẹní. Kristẹni ni wá, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni bàbá mi máa ń wọ aṣọ tó dára jù, tí wọ́n á kó wa lọ sí Fagge lọ kí i, tí wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. A máa ń jẹ ẹran àgbò títí ikùn wa á fi le. Oníbàárà bàbá mi ni mo pè é nínú ọkàn mi láti kékeré. Mo rò pé nítorí owó ni wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, èmi àti Ìyá Kékeré wọ adaidaita lọ sí Fagge. N kò dá ilé náà mọ̀ mọ́, nítorí wọ́n ti fi iwájú rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Kékeré ló dá a mọ̀ láti ara igi kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n kí àwọn tó wà níbẹ̀ ní èdè Hausa àwọn àgbà, irú èyí tó máa ń gùn, tí wọ́n ń béèrè ara, ilé, iṣẹ́, àti àárẹ̀. Wọ́n mú wa wọlé lọ bá bàbá kan tí irun orí rẹ̀ ti funfun. Ọmọ ọkùnrin tó ń gbá ọkọ̀ ni. Nígbà tí mo sọ ẹni tí mo jẹ́, ó gbé orí sókè.

Ó ní, "Gidan Ɗan Jirgi?" Ó ń béèrè bóyá ilé Ọmọ Ọkọ̀-Ojú-Irin la ti wá. Orúkọ tí wọ́n ń pe bàbá mi nínú ilé wọn nìyẹn, n kò sì gbọ́ ọ rí láyé mi.

Ó ní bàbá òun máa ń sọ ìtàn náà fún àwọn. Mo ní àwa náà ti gbọ́ ọ, pé oorun ló gbé wọn kọjá Kaduna. Ó mi orí. Ó ní, "A'a. Ba barci yake yi ba." Kì í ṣe oorun ni wọ́n ń sùn. Bàbá òun sọ pé nígbà tí òun gbálẹ̀ dé ọkọ̀ tó kẹ́yìn, òun bá ọmọ kan tó jókòó, tó gbé ẹrù rẹ̀ lé itan, tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbangba. Ó sọ fún un pé ojú irin ti tán. Ọmọ náà kò gbọ́ ohun tó wí. Ó gbálẹ̀ tán, ó padà wá, ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀. Ó na ọwọ́ sí i, ọmọ náà bú sẹ́kún, ó sì tẹ̀ lé e.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gbọ́ Hausa jù mí lọ. N kò mọ ìdí tí mo fi túmọ̀ rẹ̀. Bóyá èmi ni mo fẹ́ tún un gbọ́. Wọ́n kí bàbá náà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún ẹni tó ti lọ. Ó fún wa ní èso dàbínù, ó ní kí a má jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa tún dá nílé àwọn.

Nínú adaidaita, n kò lè pa ẹnu mọ́, bó ti jẹ́ ìwà mi. Mo ní, "Ìyá Kékeré, bí wọn kò bá sùn, wọ́n rí Kaduna nígbà náà. Wọ́n rí i tí ọkọ̀ dúró. Kí ló dé tí wọn kò sọ̀kalẹ̀?"

Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn sùn. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn, mo sì gbà á." Wọ́n wá ní, "Ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó wà ní Kaduna yẹn, ó máa ń na ọmọ. Ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ rán sí i, ojú kan ṣoṣo ló mú bọ̀ wálé, ẹgba ti fọ́ èkejì."

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé, mo kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, mo na ọwọ́ sí wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú ṣinṣin, wọ́n sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. N kò bi wọ́n ní ìbéèrè mìíràn lọ́jọ́ náà. A wọlé, mo sì lọ bá wọn wá abọ́ tí a óò da dàbínù náà sí.